Ẹkún Tó Dì sí Ọmú Òsì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà 2024

Bàbá Fabiola mi, ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rèé tí o ti fi mí sílẹ̀. Lójú ìyá rẹ, "ẹ̀yin" ni mo máa ń pè ọ́. Nínú yàrá wa, "ìwọ" ni. Yàrá wa ni ìwé yìí.

Wọ́n ṣì ń sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà. O kò rí i, o wà nínú pósí. Bí katikísì ti ń gbàdúrà lọ́wọ́, ewúrẹ́ Marguerite aládùúgbò wa wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró tì ọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ òdòdó orí pósí náà bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi, opó. Mo rẹ́rìn-ín títí ìbòrí mi fi bọ́ sílẹ̀. Ṣebí ìwọ lo sọ ọ́ lórí ibùsùn pé ẹni tó bá sunkún lẹ́yìn rẹ, o máa padà wá jẹ ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀. Mo pa ẹran mi mọ́.

Mo ti padà sídìí máṣíìnì. Aṣọ funfun àwọn ọmọ tó fẹ́ gba Kómúníọ̀ àkọ́kọ́ kún ilẹ̀. Èmi nínú dúdú, tí mò ń rán funfun. Ìwọ ì bá ti rí nǹkan sọ sí i.

Nǹkan kan wà. Ọ̀sẹ̀ ìsìnkú ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà á, nígbà tí mò ń wọn aṣọ dúdú mi. Kókó kan nínú ọmú òsì, lápá ìta. Ó dà bíi bọ́tìnì tó bọ́ sáàárín aṣọ onílọ́po méjì. Mo ní nǹkan oṣù ló fà á. Nǹkan oṣù dé, ó lọ. Bọ́tìnì kò lọ. Kò dùn mí. Ohun tí kò dunni, kò yẹ kó bani lẹ́rù — àbí?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹfà

Bọ́tìnì wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹfà

Kọ́misẹ́ẹ̀rì ká mi mọ́. Ìwọ lo fún ìyá rẹ ní orúkọ yẹn, nítorí pé ó máa ń bi èèyàn ní ìbéèrè bí ọlọ́pàá ẹnubodè. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀ — nínú ìwé yìí nìkan.

Ó gbé ògì wá fún wa, ó bá mi tí ọwọ́ mi wà nínú aṣọ. Kí ni mò ń wá níbẹ̀? Láti ìgbà wo? Ta ló ti mọ̀? Mo jẹ́wọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e láti orí aṣọ, ó sì dájọ́.

"Ìyàwó mi, ẹkún ni. O kò sunkún ọkọ rẹ. Ẹkún tí a kò bá sun, ibi tó bá rí ló máa ń dì sí."

Bí ògì ṣe ń sùn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bẹ́ẹ̀ ló ní. Ó ní ẹlẹ́rìí: obìnrin kan ní Idigny, àǹtí kan ní Kpankou. Oògùn rẹ̀ kò sì le: kí n sun ún. Mo rán an létí òfin tí o ṣe lórí ibùsùn. Ó ní ọmọ òun kò gbọ́n ju òun lọ.

Kí n má purọ́ fún ọ: ìdájọ́ náà tù mí lára. Ẹkún kì í béèrè dókítà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 oṣù kẹfà

A sunkún lónìí. Kọ́misẹ́ẹ̀rì ló ṣètò rẹ̀. Marguerite kó àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá. Àyìsátù ilé kejì náà dé, ó ní mùsùlùmí lòun lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gbé omijé tòun lọ́wọ́. A tẹ́ ẹní. Marguerite gbé ẹkún sókè, ó ń pe orúkọ rẹ: Honoré tó ń tún alùpùpù tálákà ṣe, Honoré onínúure, Honoré tí kì í parọ́ —

Àyìsátù wúkọ́.

Gbogbo wa rántí alùpùpù tí o tà fún ọkọ rẹ̀, tí o ní kò ṣubú rí. Kò sí ẹni tó gùn ún tí kò lọ bí akàn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀rín ya lára wa. Àwa obìnrin tó wá sunkún, a di inú mú. Kọ́misẹ́ẹ̀rì fi ọwọ́ lu ilẹ̀, ó ní ká bẹ̀rẹ̀ látòkè.

A bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ojú mi wá lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Sálúbàtà rẹ méjèèjì wà níbẹ̀, wọ́n kọjú síta bí ẹni tó fẹ́ jáde. Nígbà náà ló dé. Mo sunkún títí ìró mi fi tutù. O lè wá jẹ ẹran náà.

Ohun kan tí mo ṣàkíyèsí. Ìyá rẹ kò sunkún. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń bá èèyàn ṣọ́ ìkòkò. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ, wọ́n fi í sílé Marguerite, wọ́n ti ilẹ̀kùn, nítorí òbí kì í rí ibojì ọmọ. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì rí ẹ̀kán omi kan lójú rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 oṣù kẹfà

Ojú mi wú bí àkàrà. Bọ́tìnì kò yẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù kẹfà

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ti gbọ́. Fabiola ló sọ fún un.

O mọ̀ pé n kò lè pe àbúrò rẹ ní Sidonie. Ilé bàbá rẹ ni mo bá a. Nígbà tí mo fún un ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, atẹ́gùn lè gbé e lọ. Nísinsìnyí alùpùpù ń kérora lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Agbẹ̀bí ni, iléewòsàn rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa ju ibi tá a ti ń pọnmi lọ. Síbẹ̀, gbogbo èèyàn ni mo rò pé mo lè fi ọmú hàn, àfi òun. Báwo ni ìyàwó ṣe máa bọ́ra níwájú ọmọ ilé tí òun ń kúnlẹ̀ kí?

Ó dé, kò bọ́ akoto orí rẹ̀.

"Ìyàwó wa, mo gbọ́ pé ẹkún lẹ fi ń wo ọmú nínú ilé yìí."

Kọ́misẹ́ẹ̀rì bẹ̀rẹ̀ sí í lé adìyẹ tí kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní òun ti gbẹ̀bí ọmọ yí gbogbo Kétu ká, ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun wá ń fi aṣọ bo ọmú fún òun. Ọ̀la, kí n wá. Bí n kò bá wá, òun á wá gbé mi sórí alùpùpù.

N kò fẹ́ kí alùpùpù náà kú. Màá lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù kẹfà

Ìtìjú náà kò pẹ́ ju ìgbà tí èèyàn fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹ ọmú méjèèjì wò, lórí ìjókòó, lórí ìdùbúlẹ̀, dé abíyá, dé egungun ọrùn. Ó mú ìka mi mẹ́ta, ó tẹ́ wọn pẹlẹbẹ, ó ń yí wọn díẹ̀díẹ̀.

"Bí o ṣe máa ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù sínú aṣọ oníbàárà, kó má baà gún un. Má fo ibì kan."

Lóṣooṣù, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá lọ, nígbà tí ọmú bá dẹ̀. Kí n dúró níwájú dígí pẹ̀lú. Ó ní bí awọ ibẹ̀ bá jìn wọnú, tàbí tó rí kúlukùlu bí èèpo ọsàn, tàbí tí orí ọmú tó yọ síta tẹ́lẹ̀ bá wọlé, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀, kí n má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn aládùúgbò kankan.

Mo ní kò kúkú dùn mí. Ó mi orí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni obìnrin ti ń ṣìnà: jẹjẹrẹ kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń jókòó tì í. Ó ní púpọ̀ nínú kókó tí obìnrin ń rí kì í ṣe jẹjẹrẹ, omi lè wà nínú òmíràn, òmíràn sì lè jẹ́ ẹran ara lásán. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè sọ èyí tó jẹ́. "Ọwọ́ tèmi gan-an kò lè sọ ọ́." Kókó tí nǹkan oṣù kọjá tí kò bá a lọ, kí ẹ̀rọ wò ó. Ó kọ ìwé lé mi lọ́wọ́, ó di ọsibítù Pobè, lọ́jọ́ Ẹtì.

Mo béèrè pé bó bá wá jẹ́ jẹjẹrẹ ńkọ́? Kò fi pamọ́ fún mi. Bí a bá tètè débẹ̀, a lè bá a jà, a sì lè borí. Bí a bá jókòó — kò parí rẹ̀.

Mo rìn wálé. Fabiola ń kọrin nídìí agbada, ó ń din iṣu, ó ń jẹ ẹ́ kó tó jinná bí ìwọ. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èmi nìkan ló kù fún un.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹfà

Ẹjọ́. Bàbá Gaston, àbúrò bàbá rẹ, ní opó kì í fi aṣọ dúdú kọjá ẹ̀yìn ìlú kí àdúrà ogójì ọjọ́ tó wáyé. Ó ní ọjọ́ díẹ̀ ló kù, kókó kì í ṣe ẹran tó máa sá lọ. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣàlàyé pé dókítà tó ń lo ẹ̀rọ náà máa gba ìsinmi lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì yìí, kò sì ní í padà títí oṣù tó ń bọ̀ fi máa lọ jìnnà. Bàbá Gaston ní ọmọdé ló ń sọ̀rọ̀. Agbẹ̀bí tó gbẹ̀bí ọmọ Bàbá Gaston gan-an!

Mò ń wo ilẹ̀. Ìyàwó kì í dáhùn, ẹ̀rù sì ń bà mí láti gbọ́ ohùn ara mi.

Kọ́misẹ́ẹ̀rì ń ṣa ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀. Ó gbé atẹ sílẹ̀.

"Ẹ kò jẹ́ kí n tẹ̀lé ọmọ mi dé ibojì. Mo gbà. Ẹ kò ní í sọ pé kí n má tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ dé ọsibítù."

Ó gbé atẹ rẹ̀ padà. Bàbá Gaston ní ká fún òun lómi mu.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù kẹfà

Pobè. Kọ́misẹ́ẹ̀rì wé gèlè bí ẹni tó ń lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Ó bi dírẹ́bà ní orúkọ ìyá rẹ̀, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa. Nígbà tá a jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù, ó ti sọ fún gbogbo ìjókòó pé ẹkún la gbé wá. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí.

Dókítà Rachidi kéré, ohùn rẹ̀ tutù, ohun yíyọ̀ tó fi ra mí láyà tutù jù ú lọ. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú aboyún ni. Mo rí i: òkùnkùn róbótó kan, etí rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé sísọ́ọ̀sì mi ló gé e. Mò ń pe orúkọ rẹ nínú, ẹni tí n kì í pe orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá, omi ni. Àpò omi lásán. Kì í ṣe jẹjẹrẹ."

Ó ní ó wọ́pọ̀ lára obìnrin tó tó ọjọ́ orí mi, wọn kì í tilẹ̀ fọwọ́ kan òmíràn. Tèmi tóbi, nítorí náà òun lè fa omi náà jáde. Abẹ́rẹ́ ni. Mo mọ abẹ́rẹ́. Omi náà wọnú sìríǹjì, ó rí bí omi orí ògì. Mo gbé ìka lé e: bọ́tìnì ti lọ. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ló jáde, tàbí bí kókó náà bá le gbagidi, òun ì bá mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí òun wò ó bóyá ó tún kún.

Kọ́misẹ́ẹ̀rì rí sìríǹjì náà. Ó dìde.

"Kí ni mo sọ? Omi ẹkún."

Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹkún kì í gba ibẹ̀. Kọ́misẹ́ẹ̀rì gbọ́ ọ tán pátápátá.

"Ọmọ mi, ìwọ mọ omi. Èmi mọ ibi tó ti wá."

Mo rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi tún òwú lẹ̀ mọ́ mi. A ra ọsàn lójú ọ̀nà, a jẹ ẹ́ dé Kétu, a ń tu kóró láti ojú fèrèsé. Opó nínú dúdú. Bó o bá rí i, o máa tu jù mí lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kẹfà

Lẹ́yìn Mísà. Ìyá rẹ pe èmi àti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó tú aṣọ.

"Èmi náà kò tíì sun tèmi. Ẹ bá mi wò ó, bóyá ó ti dì."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹ ìyá rẹ̀ wò bó ṣe yẹ mí wò, kò fo ibì kan. Ó pẹ́. Ó wá ní, "Ìyá, kò sí kókó kankan níbí."

Ìyá rẹ wo ọmú tó fún ọ mu.

"Ibo ló wá wà?"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ẹkún dé. Ó fi oríkì tó ń kì ọ́ ní kékeré pè ọ́. A dì í mú, èmi lọ́tùn-ún, ọmọ rẹ̀ lósì, títí gbogbo rẹ̀ fi jáde.

Ó sùn dọ̀sán. Fabiola gbé ìrẹsì pamọ́ fún un.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù keje

A ti Pobè dé. Kò kún padà. Dókítà fi ẹ̀rọ wo ìyá rẹ náà, nítorí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní ẹni tó dàgbà ni ojú yẹ kó wà lára rẹ̀ jù. Kò rí nǹkan kan. Kọ́misẹ́ẹ̀rì ní òun ti mọ̀, òun ti sun tòun.

Ìròyìn ìyókù. Ewúrẹ́ Marguerite bí akọ, Marguerite sì sọ ọ́ ní Honoré. Mo bínú dé ẹnu ọ̀nà, mo rí ojú ọmọ ewúrẹ́ náà, mo padà. Ó jọ ọ́.

Àyìsátù wá dá aṣọ lánàá. Bí mo ti ń wọn àyà rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo bi í bóyá ó mọ bí a ṣe ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Ó ní abẹ́rẹ́ wo? Mo kọ́ ọ. Ó ti di ẹnì karùn-ún tí mo kọ́ lẹ́yìn ìkélé náà.

Nǹkan oṣù mi lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá rẹ kò rí tirẹ̀ mọ́, nítorí náà ọjọ́ tèmi ló mú, kó má baà gbàgbé. A ti ilẹ̀kùn. Òun lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi níwájú dígí, Fabiola níta tó ń béèrè bóyá Kọ́misẹ́ẹ̀rì ti rí ọ̀daràn — ó ti gbọ́ orúkọ náà, n kò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Nígbà tá a ṣe tán, ìyá rẹ jókòó díẹ̀. Bó bá ní ẹkún, ó sun ún. Bí kò bá ní, a mu tíì.

Mo ti kó sálúbàtà rẹ kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ló ń wọ̀ ọ́ nísinsìnyí. Ó tóbi jù ú, a máa ń gbọ́ ọ kó tó dé.

Bàbá Fabiola, lóṣooṣù ni a ó máa ti ilẹ̀kùn yẹn. Èmi kò ní í fo oṣù kan, n kò sì ní í jẹ́ kí ìyá rẹ fo.