Ẹ̀rọ Tí Bàbá Ní Kó Sinmi

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà
Irú iná wo rèé! Ó gòkè, ó wálẹ̀, gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Fíríìjì ń kérora ní kíṣìnì. Ọkàn mi ò balẹ̀ — inú ẹ̀ ni abẹ́rẹ́ ìtọ̀ ṣúgà bàbá mi wà, ti oṣù méjì gbáko. Bí fíríìjì bá daṣẹ́ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Mi ò sọ fún Bàbá. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó wá bá wa ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn ti di ẹrù lé wa lórí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Oníná wá. Ó ní iná tí ò tó ló ń pa fíríìjì: mọ́tò inú ẹ̀ á fẹ́ yí, agbára ò ní sí, á gbóná, á jó. Ká ra sitẹbiláísà. Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ (ọkọ mi) ní òun kúkú ti mọ̀. Ta ló bi í?

Ọjọ́bọ̀, 6
Ó dé! Àpótí dúdú bàǹtàbanta. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀, á dún kẹ́! kẹ́!, á gbé e sókè padà. Mo sọ ọ́ ní Alágbàtọ́. Bàbá yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí. “Ó gbóná o.” Ọdún mọ́kànlélógójì ni wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù, kò sí ẹ̀rọ tí wọn kì í fọwọ́ kàn.

Ọjọ́rú, 12
Ọbẹ̀ ti kan nínú fíríìjì. Mo bi Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ ìdí tí kò fi pa ilẹ̀kùn ẹ̀ dé. Ó búra. Irọ́ ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 14
Kò sẹ́rìn-ín lónìí. Ṣúgà Bàbá ti lọ sókè fíofío. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ yẹn ti rí ooru, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ó fún wa ní tuntun. Mo ní mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń ṣe fíríìjì yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15
Mi ò lọ ṣọ́ọ̀bù. Mo fara pamọ́ sí kọ̀rọ̀ kíṣìnì bí ọlọ́pàá. Aago méjìlá — Bàbá wọlé jẹ́jẹ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé Alágbàtọ́, wọ́n pa á, fíríìjì náà kú! “Sinmi díẹ̀, o ti gbìyànjú.”
Mo figbe ta. Àṣé ojoojúmọ́ ni, láti méjìlá di mẹ́rin, tí gbogbo wa bá ti jáde. Wọ́n ní àwọn ò ba ẹ́ńjìnnì oníǹkan jẹ́ rí. Èyí tó bá gbóná gbọ́dọ̀ sinmi. Àwọn ò lówó táwọn lè fi sílé yìí, káwọn kúkú máa bá wa tọ́jú fíríìjì wa.
Fíríìjì wa. Inú mi bà jẹ́. Mo wá sọ ohun tó yẹ kí n ti sọ: torí abẹ́rẹ́ yín la ṣe ra Alágbàtọ́.
“Tèmi?” Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀. “O ò sì sọ fún mi.”
Ẹkún gbà mí. Mo ní ẹ wò ó, Bàbá, iná tó bá lọ sílẹ̀, òkè lẹ̀rọ yìí ń gùn, kẹ́! tó ń dún yẹn, jíà ló ń yí. Ìyẹn yé wọn kíá.

Ọjọ́ Àìkú, 16
Iná tún wálẹ̀ lọ́sàn-án. Kẹ́! Kẹ́! Ọ̀gá Mo-Ti-Mọ̀ nawọ́ láti pa á, ó ní òun mọ ohun tó ń ṣe é. Bàbá, tí wọ́n ti gbé àga síbẹ̀ láti àárọ̀, gbá ọwọ́ ẹ̀ dànù.
“Ta ní í pa ẹ́ńjìnnì lórí òkè? Fi í sílẹ̀. Ẹrù mi ló gbé.”