Ìbéèrè-Kan Wá Gbọ́ Ọ̀rọ̀ Ní Ìjọ Mọ́mọ́nì

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án 2025

Wọ́n ti fún mi níṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìn, Bíṣọ́ọ̀bù Ọlátúndé pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òní ọ̀sẹ̀ méjì, èmi ni n ó sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ. Ní ìjọ àwa Mọ́mọ́nì, àwa ọmọ ìjọ la máa ń sọ̀rọ̀ fúnra wa. Kókó: ipa èdè Hébérù àti ti Íjíbítì nínú Ìwé Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ wa. Èmi tí mò ń tún fíríìjì ṣe ní Bẹẹrẹ. Mo fẹ́ kọ̀ — ṣùgbọ́n bàbá Kẹ́mi, ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́, ni Bíṣọ́ọ̀bù. Mo ní ẹ ṣé, sà.

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo lọ kí Ìbéèrè-Kan ní Bẹ́yẹrúńkà. Alfa Gàníyù ni, àbúrò bàbá mi, ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, torí "ìbéèrè kan péré ni mo ní" ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tí kì í tán. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ni bàbá. Tí kò bá ṣíwájú ẹbí lọ sílé Kẹ́mi fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, kò sí ìyàwó. Bíṣọ́ọ̀bù ti sọ ọ́: òun ò ní fọmọ òun fún ọkùnrin tó dá wá bí ẹni wá ra búrẹ́dì.

Láti ìgbà tí mo ti ṣèrìbọmi, tí mo bá dárúkọ Kẹ́mi, Alfa á kàn máa wo àjà. Lónìí mo sọ iṣẹ́ tí wọ́n fún mi, pé àwọn Hébérù ló kọ ìwé wa, lẹ́tà Íjíbítì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, ó sì gbójú wálẹ̀. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ọ̀rọ̀ èdè. Ó ní Hébérù àti Lárúbáwá, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó wá ní ìbéèrè kan péré lòun ní. Àwọn Hébérù inú ìwé yín yìí, kí ló dé tí wọ́n fi lẹ́tà Íjíbítì kọ̀wé? Ṣé tiwọn ti tán ni?

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ kàwé ná.

Ó ní òun á wá gbọ́ ìdáhùn ní ìjọ wa, lọ́jọ́ tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Tó bá lórí tó nídìí, òun á ṣíwájú lọ sílé àna. Tí kò bá ní, kí n má dárúkọ ọmọ yẹn létí òun mọ́.

Ọjọ́rú, 10

Kàwé. Sùn lọ lórí ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 12

Mo rí díẹ̀ lórí fóònù. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan nínú ìjọ wa ní ìṣọwọ́-sọ̀rọ̀ Hébérù hàn nínú ìwé náà: ọ̀rọ̀ á lọ, á dé àárín, á wá gba ojú ọ̀nà kan náà padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn ní àwọn ò rí Hébérù kankan níbẹ̀. Èmi jókòó sáàárín wọn.

Mo ṣàlàyé lílọ-bíbọ̀ yẹn fún Kẹ́mi. Ó ní bí Alfa ṣe ń bá mi wí gan-an nìyẹn: á bẹ̀rẹ̀ lórí irùngbọ̀n tí mo fá, á kan iṣẹ́ mi, á dé orí ìjọ, á padà sórí iṣẹ́, á sì parí ẹ̀ sórí irùngbọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín títí oníbàárà kan fi ní òun á gbé fíríìjì òun lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Ti Íjíbítì ṣì wà ńlẹ̀. Àwọn tó kọ ìwé náà sọ nínú ẹ̀ pé orí irin pẹlẹbẹ làwọn kọ ọ́ sí, pé ká ní àyè tó ni, Hébérù làwọn ì bá fi kọ ọ́. Mo pe Ìbéèrè-Kan, mo sọ ọ́ fún un. Ó ní ṣé wọn ò lè wá irin kún un ni. Ó gé fóònù.

Ọjọ́ Ajé, 15

Kẹ́mi sunkún lánàá. Bàbá ẹ̀ tún béèrè ọjọ́ tí ẹbí mi ń bọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo fẹ́ràn ọmọ yìí, kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo ti rí ìdáhùn. Nílé Alfa gan-an ni! Ó ní kí n wá wo fíríìjì òun. Mo bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, mo gbójú sókè — wàláà bàbá bàbá mi rèé lára ògiri, pákó tó fi ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Láti kékeré ni mo ti ń rí i. Lẹ́tà Lárúbáwá ló wà lára ẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ló kọ: àdúrà, àti orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀. Àńjẹ̀mí làwọn alfa ń pe irú ìkọ̀wé yẹn. Mo tún fíríìjì ṣe, mo jáde.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Ilé ìjọsìn ni mo ti ń bọ̀ báyìí.

Ìbéèrè-Kan dé tòun ti agbádá funfun àti láwàní, ó jókòó síwájú pátápátá. Ìjọ tiwa máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. A kì í pàtẹ́wọ́, a kì í gbégbá owó. Mi ò rántí sọ ìyẹn fún un.

Mo sọ ti Hébérù, mo sọ ti lílọ-bíbọ̀, Alfa ń mi orí. Mo dé orí Íjíbítì. Mo ní wàláà kan wà nílé wa. Mo ní bàbá bàbá mi ò fi Lárúbáwá bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ rí, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n kọ́ ọ, òun náà ló sì fi kọ orúkọ àwọn ọmọ ẹ̀ ní Yorùbá. Ẹni tó bá dàgbà sínú ilé yẹn ò yẹ kó ya ẹnu sí Hébérù tó fi lẹ́tà Íjíbítì kọ̀wé. Mo ní orúkọ tó kẹ́yìn lára pákó náà ni Gàníyù.

Alfa dìde. Mo rò pé ilé ló ń lọ. Ó gòkè wá bá mi nídìí gbohùngbohùn, ó lẹ owó mọ́ mi níwájú orí, bí wọ́n ti ń ṣe fún alfa níbi wáàsí l'Ọ́jà'ba. Ó ní, "Sàárà rèé. Ẹ bá mi ṣàdúrà fún bàbá mi." Ó pè mí ní ẹ.

Bíṣọ́ọ̀bù lanu. Kẹ́mi fi ìwé orin bojú. Kí n dá a padà? Àgbà ló fún mi. Kí n gbà á? Àna ń wò mí. Àfi bí ohùn alfa tí mo gbọ́ láti kékeré ṣe jáde lẹ́nu mi: kí Ọlọ́run forí jin bàbá wa, kó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kó má jẹ́ kí ilé ẹ̀ tú. Àmín tí Alfa ṣe mi fèrèsé. Ti Bíṣọ́ọ̀bù tẹ̀ lé e, òun náà ò rọra ṣe é.

Lẹ́yìn ìsìn, Bíṣọ́ọ̀bù rọra fẹ́ dá owó náà padà. Alfa ní sàárà kì í padà sápò. Wọ́n fà á títí, wọ́n ní ká fi fún aláìní. Ni Alfa bá tún láwàní ẹ̀ ṣe, ó ní ìbéèrè kan péré lòun ní.

Ó ní ọjọ́ wo ni kí àwọn wá tọrọ ọmọ.

Ọjọ́ Ajé, 22

Alfa pè láàárọ̀. Ó ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún wáàsí ní mọ́sáláṣí wọn, Àbámẹ́ta tó ń bọ̀. Kókó kan náà. Mo sáré lọ bá Bíṣọ́ọ̀bù kó gbà mí. Ó ní òun náà ń bọ̀. Ó wá béèrè bóyá iwájú orí nìkan ni wọ́n ń lẹ owó náà mọ́.