Ife Kọfí Kan, Ife Fùláwà Mẹ́fà

                                        Ojúlé Kọkànlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí a ríra kẹ́yìn, ṣé ó ti gbà pé ọmọdé ṣì ni ọ́? Ní tèmi, mo le koko bí òpó. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, mo ṣì ń gun àkàbà, ẹnikẹ́ni kò sì dì mí lọ́wọ́ mú.

Jókòó kí o tó ka ìyókù. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ, tí mo fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì, tí mo kọ́ ilé mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí ògiri ìkankan kò sán, tí gbogbo ayé fi ń pè mí ní Kòsán, mo ti ṣe kéèkì.

Ìyàwó mi ló fà á. O rántí pé mo gbàgbé ọjọ́ ìbí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kò bá mi jà o. Ó kàn ń sọ pé "ẹ ṣeun" sí gbogbo ohun tí mo bá ṣe, fún odindi ọdún kan. Ìwọ náà láya, o mọ̀ pé ìjà sàn jùyẹn lọ. Nígbà tó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kó pé ọgọ́ta ọdún, mo bi í pé kí ni kí n rà. Ó ní, "Ẹ má ra nǹkan kan. Gbogbo ayé lẹ ti kọ́lé fún. Kí lẹ fọwọ́ ara yín ṣe fún èmi rí?"

Mo ní ilé tí a wà nínú rẹ̀ yìí ńkọ́?

Ó ní, "Èyí tí mo po símẹ́ǹtì rẹ̀ láti ìpìlẹ̀, tó jẹ́ pé orúkọ tiyín nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà?"

Òótọ́ ni. Gbogbo ilé tí mo bá parí, mo máa ń fi ìṣó kọ KÒSÁN sínú símẹ́ǹtì tútù lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní màá fọwọ́ ara mi ṣe kéèkì kéékèèké fún un, irú èyí tí wọ́n ń dà sínú ìwé tó rí bí ife, kọfí ni màá sì fi ṣe é, nítorí kò sí àárọ̀ tí kì í mu kọfí kó tó bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀.

Ọmọ wa obìnrin, aránṣọ, kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sínú ìwé fún mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ wọ̀n ọ́n o. Ṣíbí kọfí méjì péré, kẹ́ ẹ sì yọ́ ọ nínú omi gbígbóná." Mo ní ta ló ń kọ́ ta ní pípò? Ẹni tó ti po símẹ́ǹtì fún ogójì ọdún, ṣé fùláwà ló máa wá sọ ọ́ di ọmọ iṣẹ́? Mo fi ìwé náà tẹ́ ìdí ìkòkò. Símẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn mẹ́fà: òun ni mo mọ̀, òun ló sì gbé mi débí. Mo bu ife kọfí lílọ̀ kan, gbígbẹ ni o, sí ife fùláwà mẹ́fà. Mo kó o jọ bí òkìtì sórí tábìlì, mo gbẹ́ ihò sáàárín rẹ̀ bí a ti ń ṣe níbi iṣẹ́, mo da ẹyin àti mílíìkì sí i. Ni ẹyin bá já òkìtì, ó dorí kọ ilẹ̀. Irin tí mo fi ń rẹ́ ilé ni mo fi dá a dúró. Mo ti fọ̀ ọ́, má dá mi lẹ́jọ́.

Mo dà á sínú ìwé méjìlá, mo tì í sínú ààrò onígáàsì. Kéèkì wú, inú mi dùn. Nígbà tó yá, mo yọjú wò ó: gbogbo orí wọn ló sán! Méjèèjìlá! Lójú èmi Kòsán! Símẹ́ǹtì tó bá ń sán, omi ló ń fẹ́. Mo ṣí ààrò, mo bu omi, mo wọ́n ọn sí wọn láìṣahun. Èéfín bo ilé. Aládùúgbò wa, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pariwo láti ojú fèrèsé: "Kòsán, ṣé ilé ń jó ni?"

Mo ní, "Kéèkì ni mò ń ṣe!"

Ó ní, "Ta ló ṣẹ̀ ọ́?"

Mo tún iná dá títí gbogbo rẹ̀ fi gbẹ, mo fi bọ́tà àti ṣúgà rẹ́ orí wọn, ó dán, ó tẹ́jú. Mo wá mú ìṣó lápò. Orúkọ ìyàwó mi gba kéèkì mẹ́jọ, lẹ́tà kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. N kò kọ KÒSÁN síbì kankan.

Ó dé, ó dúró wò ó. Ó mú ọ̀kan nínú mẹ́rin tí kò ní lẹ́tà, ó gé e jẹ. Kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ ló ń dún lẹ́nu rẹ̀. Ó rún un pẹ́, ó gbé e mì, ó wò mí lójú. Ó ní, "Símẹ́ǹtì ọ̀kan, yanrìn mélòó?"

Mo ní mẹ́fà.

Ó ní, "Ẹ̀ bá jẹ́ kí yanrìn pé ogún." Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tíì sọ "ẹ ṣeun" fún mi láti ọjọ́ náà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo fọ́ símẹ́ǹtì ẹnu ọ̀nà ilé wa. Òun ló po tuntun, èmi ni mo tẹ́ ẹ, mo sì kó ìṣó lé e lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà, ó fi igun kékeré kan sílẹ̀ fún mi nísàlẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń wọ́n omi sí i. Ìyẹn, omi ló ń fẹ́ lóòótọ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti gbogbo ilé. Mo fi kéèkì kan ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná kí o tó jẹ ẹ́, eyín tó kù sí ọ lẹ́nu kò pọ̀.

Èmi tí mo jẹ́ tìrẹ láìyẹ̀,
Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Kòsán,
bíríkìlà àti aṣekéèkì.