Ìdánwò Iwájú Orí Tí Mo Yege

Mosúnmọ́lá ọmọ mi,

O kú ewu ọmọ. Ọlọ́run tó sọ̀ ọ́ láyọ̀ kò ní sọ ayọ̀ náà di ìbànújẹ́. Gbogbo wa létí ọ̀sà níbí wà dáadáa, àfi Munirah ọ̀rẹ́ mi tó kú. Ó dùn mí wọra, torí ó ti ń retí àtirí ọmọ rẹ. Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí nọ́mbà mi ti wà lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n lè máa gbọ́ ọ̀rọ̀ wa.

Ibà ló pa á, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde ní erìgì rẹ̀. Èmi àti Ìyá Sagbo la wẹ òkú rẹ̀, a sì wẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ kí a wẹ ọ̀rẹ́ ẹni. Lẹ́yìn náà ni àwọn elétò ìlera dé láti Badagry, wọ́n ní ibà Lásà ni, pé eku inú gààrí ló ń fà á. Mo ní ẹja lèmi ń jẹ, n kì í jẹ eku. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kí n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó fọwọ́ kan òkú. Mo mọ̀ pé ìrẹsì ni wọ́n fẹ́ pín. N kò kọ Ìyá Sagbo, o mọ ohun tó fojú mi rí lórí àwọ̀n ẹja lọ́dún tó kọjá. Ishaq ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kọ, bí kò tilẹ̀ sí nílé lọ́jọ́ náà.

Láràárọ̀ ni wọ́n ń wá na ìbọn kékeré kan sí iwájú orí mi, wọ́n ní títí ọjọ́ mọ́kànlélógún, kí n má rìnrìn àjò. Ìdánwò ni. Tí ara bá gbóná, ìbọn á pariwo, wọ́n á gbé ọ lọ. Ara mi ti ń gbóná láti ìjẹta, ọ̀fun sì ń dùn mí, èéfín ẹja ni. Tí mo bá ti gbọ́ ìró ọ̀kadà wọn, màá fi aṣọ tútù lé iwájú orí, màá nù ún gbẹ, màá jókòó jẹ́ẹ́. Lánàá, ọmọbìnrin inú wọn yìn mí pé ara mi le, mo sì fún un ní ẹja yíyan.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí wọ́n tó dé, màá ti wọkọ̀ ní Mowo wá sọ́dọ̀ rẹ. Fi owó ọkọ̀ rán Abdulqoyyum, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá. Mo ń gbé gààrí tí Munirah fún mi bọ̀, kí eku má bàa jẹ ẹ́ tán.

Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí, á jẹ́ kó dàgbà dàgbà. Obìnrin tí ẹ gbà pé kó máa wẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó dáwọ́ dúró. Èmi ni màá wẹ ọmọ ọmọ mi, ta ló mọ ohun tí ọwọ́ obìnrin yẹn ti kàn.

Èmi ni, ìyá rẹ.