Ọ̀kọ̀ Rótìmí

Ọjọ́ Ẹtì, Enerhen, Warri

Rótìmí ti lọ.

Nínú eré àròsọ wa, níbi tá a ti ń fi dáìsì lúdò bá iwin jà, ọ̀kọ̀ ni ohun ìjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n "ọkọ̀" ló máa ń pè é, bí ẹni ń pe mọ́tò, mo sì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Warri ni wọ́n bí i sí, ohùn Yorùbá kì í bọ́ sí i lẹ́nu.

Ìbọn tún dún nígboro láàárọ̀. Rótìmí sáré wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó ní, "My papa don get ọkọ̀."

Mo ní, "Make e sharpen am well."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó yí padà.

Ọ̀sán ni màmá mi sọ fún mi pé Rótìmí àtàwọn òbí rẹ̀ ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú pátápátá.

Lónìí nìkan ló pe ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe yẹ. Èmi ni mi ò gbọ́.