Dókítà Ojú Ni Wọ́n Ń Pè Mí Nílé Wa

Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Mo kórìíra ẹni tó tọ́ mi dàgbà, ìkórìíra náà sì ti pọ̀ débi pé mi ò mọ̀ bóyá òun ló ń bá mi ronú...

Ọmọ Ẹdẹ ni mí. Àwọn òbí mi kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, Àlàájì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló gbà mí sọ́dọ̀, ìyàwó wọn, Ìyá Risi, ló sì pọ̀n mí. Mo kàwé títí mo fi di dókítà jẹjẹrẹ. Èmi kọ́ ni mò ń fi ọ̀bẹ gé e o, oògùn ni mò ń fún wọn, èyí tó ń kán sínú iṣan díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni Àlàájì ò lè fẹnu pè. Wọ́n ní orúkọ àìsàn yẹn ò gbọdọ̀ wọ ilé tó ní ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, torí àwọn àna máa ń ṣèwádìí. Ni wọ́n bá sọ fún gbogbo agboolé, àti ìyàwó wọn, pé dókítà ojú ni mí. Tí mo bá ti wálé báyìí, àwọn àgbàlagbà á tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi ìka fa ìpéǹpéjú fún mi...

Láìpẹ́ yìí, ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà Risi, ọmọbìnrin Àlàájì, wá láti Awo. Àlàájì ní kí n wọ kóòtù funfun jókòó sí pálọ̀ bíi fíríìjì tuntun. Ìyá kan ní ojú òun ń ṣomi. Àlàájì ní, “Ẹ sún mọ́ ọn, ìyá, òyìnbó ló kọ́ ọ.” Òyìnbó wo? Ìbàdàn ni mo ti kàwé.

Wọ́n lọ tán ni mo rí Ìyá Risi lẹ́yìnkùlé, ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń fọ abọ́. Mo béèrè, wọ́n ní kò kan ojú, kí n má yọra mi lẹ́nu. Ó ti lé lọ́dún kan tí kókó ti wà lọ́mú wọn, wọn ò fi hàn mí, torí ojú nìkan ni wọ́n rò pé mo mọ̀. Ṣé ẹ rí ohun tí irọ́ ṣe?

A ṣàyẹ̀wò, jẹjẹrẹ ni. Kò tíì tàn. Tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ oògùn, ó ṣeé ṣe kí apá wa ká a. Mo sọ fún Àlàájì. Kò bi mí ṣé wọ́n á yè é. Ohun tó bi mí ni pé ṣé irun wọn á ti re kó tó dọjọ́ yìgì Risi. Ẹ foríjì mí, mi ò lè fi “wọ́n” pè é mọ́. Ó ní ká dúró di ẹ̀yìn yìgì, pé bí mo bá mú ìyàwó òun lọ gba oògùn, kó má padà wọlé òun. Ẹni tó ń wà nílà iwájú ní mọ́sálásí nìyẹn...

Ìyá Risi ní, “Mo fẹ́ wà láyé, ọmọ mi, mo sì fẹ́ kí Risi rílé ọkọ. Èyí tí o bá ní ká ṣe la ó ṣe.” Wọ́n sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún Risi.

Ṣé kí n gbé wọn sọ́dọ̀ mi l'Óṣogbo, kí gbogbo ẹ̀ tú síta? Àbí kí n dúró, kí n máa wo kókó náà bó ṣe ń dàgbà? Risi ń pè mí ní gbogbo ìgbà, ó ń bi mí pé irú aṣọ wo ló máa yẹ ìyá òun lọ́jọ́ yẹn... Kí ni kí n sọ fún un?