Sí Morìnsọ́lá, Aya Pásítọ̀ Ògúnkọ̀yà, tí Wọ́n Ní Kò Gbọdọ̀ Sunkún

Ìgbìmọ̀ Ìjọ,
Ayédé-Èkìtì.
Oṣù Kejì, 1944.

Sí Ìyá Ìjọ wa ọ̀wọ́n, Morìnsọ́lá Ògúnkọ̀yà,
Ní ilé Bàbá Ògúnkọ̀yà, Ìlógbò-Èkìtì.

Ìbànújẹ́ tí apá wa kò ká ni a fi ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin ìyá wa, sí Bàbá Ògúnkọ̀yà, àti sí Ẹ̀bùn pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ tuntun, lórí ikú Pásítọ̀ Festus Ògúnkọ̀yà, ọkọ yín àti olùṣọ́-àgùntàn wa, tí ìgbóná pa ní oko Ìtapàjí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ yín, ó sì ṣẹ̀ wá. A ti jókòó lórí ìwé yìí tẹ́lẹ̀, a dìde láìkọ nǹkan kan, nítorí a gbọ́ pé láti ìgbà tí ìròyìn náà ti dé ilé, ẹ kò tíì sunkún. A gbọ́ pé oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun yín lọ mọ́, pé ọmú yín ń gbẹ, ọmọ ọwọ́ sì ń ké. Ọ̀rọ̀ náà ń dẹ́rù bà wá.

A mọ ohun tí wọ́n sọ fún yín. Ẹni tí ìgbóná bá pa, wọ́n ní a kì í sunkún rẹ̀. Ọpẹ́ ni wọ́n ní kí ẹbí máa dá, kí inú má bàa bí Olóde, ọba tí wọ́n ní ó ni àrùn náà, kó má bàa padà wá mú ẹlòmíràn nínú ilé. Bàbá Ògúnkọ̀yà kò rò yín ní ibi nígbà tí wọ́n ní kí ẹ pa ẹnu mọ́. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n tún gba ọmọ-ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́, ta ni yóò dá a lẹ́bi?

Ọdún kẹfà rèé tí ọkọ yín wà pẹ̀lú wa. Kí ó tó dé, abẹ́ igi ni àwọn ọmọ Ìtapàjí ti ń kàwé, bí òjò bá ti ṣú, ẹ̀kọ́ ti parí. Pásítọ̀ ló ká ṣòkòtò sókè, tó bọ́ sínú amọ̀, tó ń gún un lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú àwọn àgbẹ̀ títí ògiri ilé ìwé fi dúró. Ọjọ́ Sátidé, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń bẹ lójú ọ̀nà Ìtapàjí. Ọjọ́ Sọ́ńdè, àwa la ni ín láti àárọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Bí tọkọtaya bá ń jà, ẹ pe Pásítọ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ akọrin bá pín sí méjì, ẹ pe Pásítọ̀. A lò ó dáadáa, ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè nìkan ló yà sọ́tọ̀ fún ilé. Yóò gbé Ẹ̀bùn síwájú kẹ̀kẹ́, ẹ̀yin yóò jókòó sẹ́yìn, ó di oko iṣu. Ṣùgbọ́n ìjọ tó fẹ́ràn olùṣọ́ rẹ̀ bíi tiwa, ṣé ó ń mọ Mọ́ńdè? Ọjọ́ kan wà tí a ti kún iwájú ilé yín kí oòrùn tó yọ, tí a gbọ́ ohùn yín láti ìdí ààrò pé, "Bàbá Ẹ̀bùn, bí ẹ bá parí uṣẹ́ Olúwa, kí ẹ rántí pé Olúwa náà ló fún yín ní ulé." Ojú tì wá, a rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Mọ́ńdè mìíràn dé, kí a tó jí, ó ti kó gbogbo yín gba oko lọ, a bá ilẹ̀kùn ní títì. A fi ẹjọ́ náà sùn ún lọ́jọ́ Túsìdè, ó ní kí á máa bínú, ṣùgbọ́n iṣu yẹn dùn gan-an.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn yìí wọlé, ìgbóná bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn abà oko Ìtapàjí. Wolé-wolé ní kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ará abà sá, wọ́n fi Àrìnkẹ́, opó tó ń gbá ilé ìjọsìn wa níbẹ̀, sílẹ̀ nínú àhéré rẹ̀. Ọwọ́ epo ni aráyé ń bá ni lá, wọn kì í bá ni lá tẹ̀jẹ̀. Lásìkò yẹn, ẹ̀yin ti wà ní Ìlógbò, ẹ ti lọ bímọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Pásítọ̀ sì ti ṣèlérí fún yín pé ohun yòówù kó dé, òun lòun máa fẹnu òun sọ ọmọ náà lórúkọ.

Ó ká apá agbádá sókè níwájú wa, ó fi àpá gbẹ́rẹ́ òyìnbó tí wọ́n sín sí i nígbà tó wà nílé ìwé hàn wá, ó ní ìgbóná kò lè mú òun láéláé. Gbogbo wa gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹnìkan nínú wa tó mọ̀ pé agbára gbẹ́rẹ́ náà máa ń lọ, pé ó yẹ kí wọ́n ti tún un sín. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Ohun tó kù tí a fẹ́ sọ, ẹnu Awórìndé ni a ti gbọ́ ọ. Ẹ mọ̀ ọ́n: àgbẹ̀ tí ìgbóná ti bá jà rí, tí ó fi àpá sí gbogbo ojú rẹ̀, tí àrùn náà kò tún lè mú mọ́. Kì í ṣe ọmọ ìjọ wa, kò sì ní in lọ́kàn láti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òun nìkan ló bá Pásítọ̀ gbé ní àhéré yẹn. Ó ní Pásítọ̀ ló ń po ẹ̀kọ fún Àrìnkẹ́, òun ló ń fọ egbò rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà kú, àwọn olùsin Olóde, tí wọ́n máa ń wá gba òkú ìgbóná pẹ̀lú ẹrù olóògbé, wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Pásítọ̀ jókòó sílẹ̀ lójú wọn, ó sunkún Àrìnkẹ́ bí ẹni ń sunkún ìyá rẹ̀, ó sì ní òun yóò fọwọ́ ara òun sin ín. Awórìndé ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò rí irú rẹ̀ rí. Àwọn ọkùnrin náà wo ara wọn, wọ́n sì lọ.

Ìyá wa, a ní láti mẹ́nu ba ọjọ́ ìkómọ, bó tilẹ̀ dunni. Díẹ̀ nínú wa wà pẹ̀lú yín létí odò lẹ́yìn Ìlógbò. Pásítọ̀ dúró ní òdìkejì, kò sún mọ́ tòsí, nítorí àhéré ìgbóná ló ti ń bọ̀. Ẹ gbé ọmọ sókè kí ó lè rí i. Ó ké orúkọ rẹ̀ sí wa, Kíkẹ́lọmọ, ó sì gbàdúrà, a gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìka omi sí. Bàbá Ògúnkọ̀yà wá sọ pé, "Festus, kọjá wá, ulé rẹ rèé." Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi. Ó dúró. Ó sì yọ ẹsẹ̀ náà padà, ó ní, "Bàámi, uṣẹ́ ṣì kù lóko."

Ẹ kò dá a lóhùn nígbà tó dágbére fún yín. Ẹ kẹ̀yìn sí i, ẹ gbé ọmọ lọ. Kò sí ẹni tó bá yín wí, kódà inú ń bí àwa náà. A ń ráhùn bọ̀ lójú ọ̀nà pé ìjọ ti gba ọkọ lọ́wọ́ ìyàwó, baba lọ́wọ́ ọmọ, ìyẹn náà ti pọ̀ jù.

Kò sí iṣẹ́ tó kù lóko. Wọ́n ti sin Àrìnkẹ́ nígbà yẹn. Awórìndé sọ fún wa pé ní àárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó kúrò ní àhéré, ara Pásítọ̀ ti ń gbóná, ẹ̀yìn ti ń ro ó, ó sì mọ ohun tó ń bọ̀. Ó bẹ Awórìndé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí ẹ bá mọ̀, ẹ óò kọjá odò wá bá òun, tọmọtọmọ. Awórìndé ní kí ó kúkú jókòó. Ó ní rárá, òun ti ṣèlérí orúkọ. Nítorí náà, ìjọ kọ́ ló fà á sẹ́yìn lọ́jọ́ yẹn. Nítorí ẹ̀yin àti ọmọ yín ló ṣe yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi.

Lórí ẹní, ìgbà gbogbo ló ń bèèrè bóyá Kíkẹ́lọmọ ń mu ọmú dáadáa. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kò fẹ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ó bi Awórìndé pé ṣé inú ṣì ń bí yín. Awórìndé kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní inú kò bí yín mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ó kú.

A ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwé Ìtapàjí, a kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù rẹ̀. Ilé tí ẹ ń gbé ní Ayédé ṣì jẹ́ ilé yín. Àwọn ọkùnrin ìjọ yóò kọ ebè iṣu yín lọ́dún yìí, àti lọ́dún tó ń bọ̀, Ẹ̀bùn yóò sì máa lọ sílé ìwé lọ́wọ́ wa. Àpínkẹ́, tó ń tọ́mọ lọ́wọ́, ń bá ẹni tó mú ìwé yìí bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé Kíkẹ́lọmọ fún un, kí ó máa fún un lọ́mú títí tiyín yóò fi padà. Wolé-wolé náà ń bọ̀ wá sín gbẹ́rẹ́ fún gbogbo ilé.

Ní ti ẹkún, a kò ní pàṣẹ fún yín. Àwa gbàgbọ́ pé ẹkún kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n a kò ní purọ́: ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ yìí pẹ̀lú, torí ilé kan náà ni wọ́n ti tọ́ gbogbo wa. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. A rí ewu tó wà níbẹ̀, a sì rí ìyá tó ń kú lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Nítorí náà, a fi ọ̀wọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá Ògúnkọ̀yà. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tó ń bọ̀, kò ní sí ìwàásù ní Ayédé. Gbogbo ìjọ yóò fẹsẹ̀ rìn wá sí Ìlógbò, a ó jókòó sílẹ̀ ní ojúde yín, a ó sì sunkún Festus Ògúnkọ̀yà sókè, lójú ọ̀sán gangan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bínú, orí wa ni kí ó gbà. Ẹ̀yin lè jókòó sínú ilé. Ẹ lè máà dá sí i. Ìgbàkígbà tí tiyín bá dé, yóò bá tiwa nílẹ̀.

Kí Ọlọ́run, tí kì í bínú sí ẹni tó ń sunkún, gbé yín mọ́ra, kí ó dá ọmọ náà sí, kí ó sì mú yín jẹun lónìí.

Dúrójayé Fájọbí,
Akọ̀wé, fún Ìgbìmọ̀ Ìjọ.